Apá Òsì Ṣì Tutù

Bàbá mi àtàtà,

Ó di ọjọ́ mẹ́tàdínláàádọ́rin lónìí tí a ti sin yín ní Ìsarà, mi ò sì tíì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí kò ní dáhùn sọ̀rọ̀. Ẹ jẹ́ kí n kàn máa sọ ọ́ bó ṣe ń wá.

Máṣíìnì yín, alùpùpù àtijọ́ yẹn, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Màámi pè mí lórí fóònù sí Ìkẹjà tí mò ń gbé pé ọkùnrin kan láti Ògèrè fẹ́ rà á, kó tú u palẹ̀, kó máa ta àwọn ẹ̀yà ara rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní àwọn ò lè máa wo òkú irin ní ìloro lójoojúmọ́. Mo bẹ̀ wọ́n. Wọ́n ní ó dáa, tó bá ti ń ṣiṣẹ́ geere kí ọkùnrin náà tó dé ní ọ̀sán Sátidé, kò lọ mọ́. Tí kò bá ṣiṣẹ́, kí n má wá sunkún sí àwọn létí.

Ní àárọ̀ Fúráìdè, lọ́jọ́ kejì tí mo délé, kùrukùru bo àdúgbò débi pé mi ò rí ilé tó kọjú sí tiwa. Mo ti máṣíìnì náà bọ́ síta. Fún ìgbà díẹ̀ ó dà bíi pé ẹ wà nínú funfun yẹn, pé ẹ kàn lọ bomi ni, ẹ ń bọ̀. Mo ṣáná sí i. Ó kọ́kọ́ kọ̀, ó wá gbà. Nígbà tó ti dún fún ìgbà díẹ̀, mo ṣe bí ẹ ti máa ń ṣe: mo ti ìka bọ omi, mo kán an sí páìpù èéfín apá ọ̀tún. Ó dún ṣàà, ó gbẹ. Mo kán an sí ti apá òsì. Omi náà jókòó síbẹ̀ bí ìrì lára ewé. Mo gbé ọwọ́ lé páìpù náà. Ó tutù.

Sílíńdà méjì ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ní, ọ̀kan ń ṣiṣẹ́, ọ̀kan ń sùn. Mo pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì wọn, mo gbé tọ̀tún sí òsì. Òsì ṣì tutù. Mo wá lọ pe Sùlé, mẹkáníìkì tó wà lọ́nà ọjà. Ó yọ púlọ́ọ̀gì wò, iná ń ta lára rẹ̀ dáadáa. Ó fi àtàǹpàkò dí ihò tó ti yọ ọ́, ó ní kí n ta kíìkì, afẹ́fẹ́ sì ti ọwọ́ rẹ̀ dànù.

“Àǹtí, ara rẹ̀ le,” ó ní. “Oúnjẹ ni ò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, kábúrétọ̀ òsì ò fún un lépo. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tó ti ń tiro báyìí. Mo bẹ Bàbá títí kí n bá wọn tú kábúrétọ̀ yẹn, wọ́n lé mi bí ẹni lé adìẹ!”

Màámi ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́nu ọ̀nà. Wọn ò gbójú sókè.

“Ṣé o rò pé bàbá rẹ ò mọ̀ ni?” wọ́n ní. “Ó mọ̀. Ó ní ẹni tó ń bá òun gbọ́ apá ibẹ̀ ń bọ̀ wálé.”

Bàbá mi, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Mo ti gbàgbé. Etí òsì yín tí ìgbóná ti bà jẹ́ láti kékeré, tí ẹ kì í fẹ́ kí àwọn ọmọ iléèwé tí ẹ ń kọ́ mọ̀. Ẹ ó dúró sí apá ọ̀tún, èmi ó dúró sí apá òsì, ẹ ó máa yí sikúrù kábúrétọ̀ díẹ̀díẹ̀, ojú yín á sì wà lára mi títí màá fi na ìka sókè pé ó ti dùn. Mo rò pé eré ni. Mi ò mọ̀ pé ẹ nílò mi.

Mo tú kábúrétọ̀ méjèèjì. Sikúrù apá ọ̀tún ń dán, ẹnu rẹ̀ ti jẹ nítorí ọwọ́ yín. Ti apá òsì, erùpẹ̀ ti dì í pa. Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi lórí fóònù? Ẹ̀ẹ̀melòó ni mo sọ pé n ó wá lóṣù tó ń bọ̀? Ṣé ẹ gun nǹkan yìí lọ sí oko ní Àkaka bẹ́ẹ̀ nínú òjò, tí ìdajì rẹ̀ ti kú?

Mo fi bẹntírò fọ̀ ọ́, mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún ihò tó kéré jù. Ìpẹtà pupa tú jáde. Oorun gbé mi lọ lórí àga pẹ̀lú kábúrétọ̀ lọ́wọ́. Mo rí yín nínú oorun ọ̀sán yẹn, ẹ tẹ̀ mọ́ máṣíìnì, èmi sì na ìka sókè, mo nà án títí apá fi ń ro mí. Ẹ ò wò mí. Ṣùgbọ́n ẹ ń rẹ́rìn-ín sí irin náà.

Láàárọ̀ àná tí í ṣe Sátidé, èmi nìkan ni mo dúró sí apá méjèèjì. Mo yí sikúrù, mo sáré lọ sí òdìkejì lọ gbọ́, mo sáré padà. Sùlé ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń jó. Nígbà tí ọkùnrin Ògèrè náà dé pẹ̀lú ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀, Màámi fúnra wọn ló ti ìka bọ omi. Ọ̀tún, ṣàà. Òsì, ṣàà.

“Ẹ má bínú, ọkọ mi,” wọ́n sọ fún un. “Ẹ máa lọ. Ó ti jí.”

Wọ́n wọlé lọ mú gèlè. Mo gbé wọn lọ sí oko obì wa ní Àkaka, wọ́n di ìbàdí mi mú títí a fi dé. Afẹ́fẹ́ tutù, ojú ọ̀nà rọ̀ lábẹ́ wa bíi pé a ò fi táyà kanlẹ̀.

Mi ò lè dá ọdún mẹ́ta yẹn padà. Ẹ dárí jì mí. Láti oṣù yìí lọ, ní gbogbo Sátidé àkọ́kọ́, n ó máa wá sílé, n ó máa ṣáná sí i, n ó sì máa gbé Màámi lọ sí oko.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín gidigidi.