Bí Bàbá Ṣe Pe Mọ́ńdè

Ojúlé Kẹrìnlá,
Òpópónà Aggrey,
Port Harcourt.
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kọkànlá, ọdún 1962.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n, Sisí Bùkọ́lá,

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí ọkọ̀ ojú irin gbé yín kúrò lọ́dọ̀ wa, lẹ́yìn tí ẹ bá wa ṣọ̀fọ̀ Màmá tán. Ṣé ara yín le? Bùọ̀dá Olúwọlé ńkọ́? Ikọ́ tó ń yọ Bùnmi kékeré lẹ́nu ńkọ́, ṣé ó ti lọ? Ṣé òtútù Kàdúná kò tíì bẹ̀rẹ̀ sí í mú yín? Àwa náà wà níbí, òjò kò sì tíì fi wá sílẹ̀.

Bí ẹ bá ń jẹun lọ́wọ́, ẹ gbé oúnjẹ yẹn sílẹ̀ ná kí ó má baà pá yín lórí. Láti Sátidé ni mo ti ń rẹ́rìn-ín, ẹ̀rẹ̀kẹ́ sì ń ro mí.

Ẹ rántí pé Tíṣà Augustine tó ń darí ẹgbẹ́ ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì wa ní kí olúkúlùkù wa tọ́jú ológbò kan, kí a sì kó wọn wá fún àfihàn. Èmi kò wá ológbò kiri. Mọ́ńdè tí Màmá fi sílẹ̀ ni mo mú. Ẹ sì mọ bí nǹkan ṣe rí: orí àpótí aṣọ Màmá ló ń sùn, tó bá di ìrọ̀lẹ́, á máa ké lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná. Ara Bàbá kò gba igbe yẹn rárá. Kò pẹ́ tí ẹ lọ ni wọ́n sọ pé bí àfihàn bá ti parí, àwọn yóò fi í fún ọkùnrin kan ní wọ́ọ̀fù, ní èbúté ọkọ̀ ojú omi, kó máa pa eku nílé ìkẹ́rùsí. Mo bẹ̀bẹ̀ títí. Wọ́n ní àfi bó bá ń jẹ́ ìpè mi bó ṣe ń jẹ́ ti Màmá. Mo ń kan ṣíbí mọ́ àwo tánganran Màmá láràárọ̀ lálaalẹ́, bí Màmá ti máa ń ṣe, Mọ́ńdè á kàn wò mí, á gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìyálé tí wọn kò kí.

Ni Sátidé bá pé. Ẹ rántí Ibiere, ọmọ Okirika tí a jọ wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. Ó fẹ́ kí ológbò rẹ̀ funfun gbòò, ló bá da búlúù tí a fi ń fọ aṣọ sínú omi ìwẹ̀ rẹ̀. Sisí mi, ológbò náà jáde bí ojú ọ̀run! Ẹnì kan pariwo pé, "Ibiere, na puss be dis, abi na school uniform?" Làtífù ọmọ àdúgbò wa, tó bá wa dá sí i, fi àdí pa ológbò tirẹ̀ lára bí ọmọ tuntun, ló bá ń yọ̀ bọ́ bí ẹja. Dókítà ẹranko tó wá ṣe ìdájọ́ gbé e lẹ́ẹ̀mejì, ó bọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ó nu ọwọ́ mọ́ ṣòkòtò, ó ní, "Na judge I come judge puss, I no come fry am!"

Èyí tó kẹ́yìn ni pé kí á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, kí á pe ológbò wa wá. Bàbá ti ibi iṣẹ́ dé, wọ́n dúró lẹ́yìn èrò pẹ̀lú agbòòrùn wọn. Mo kan àwo, mo pè. Mọ́ńdè jókòó, ó ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀. Mo tún pè. Àwọn èèyàn ní, "E no know you o!" Wọ́ọ̀fù nìkan ni mo ń rò.

Ìgbà náà ni Bàbá la èrò kọjá. Mo rò pé wọ́n fẹ́ gbé Mọ́ńdè lọ sí wọ́ọ̀fù tààrà ni. Wọ́n ní, "Mú àwo yẹn wá. Màmá rẹ kì í kàn án bẹ́ẹ̀." Wọ́n fi agbòòrùn kọ́ mi lápá, wọ́n lóṣòó, wọ́n kan àwo lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n fi ṣíbí ha etí àwo yíká. Bàbá wa yìí, tí ohùn wọn tó rinlẹ̀ ń mú gbogbo akọrin dákẹ́, wá sọ ohùn wọn di tín-ín-rín, ohùn Màmá gẹ́lẹ́: "Mọ́ńdè o! Ṣé kí n gbé oúnjẹ yìí fún ọ̀tá ẹ ni?"

Mọ́ńdè gbórí sókè. Eré ló bá fi í ṣe! Ìrù rẹ̀ dúró ṣánṣán, ó fo ológbò aláró Ibiere kọjá, ó bẹ́ mọ́ Bàbá láyà, fìlà wọn sì ṣí bọ́ sílẹ̀. Tíṣà Augustine fi ìdí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nítorí ẹ̀rín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, Sisí mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń nu ojú, èmi náà ń nu tèmi.

Ibiere ló gba ipò kìíní, ẹ gbà mí! Wọn kò fún wa ní nǹkan kan, nítorí kì í ṣe èmi ni mo pè é. Nígbà tí à ń padà bọ̀ wálé, a dé oríta wọ́ọ̀fù, mo di àwo Màmá mú gírígírí. Bàbá kò yà síbẹ̀. Wọ́n kàn bo Mọ́ńdè mọ́nú kóòtù, wọ́n béèrè bóyá orí ẹja kù nílé. Wọ́n ní títí yóò fi mọ ohùn mi, kò ní lọ síbì kankan.

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń kọ́ mi: "Kó tún tín-ín-rín sí i, Bísí, Màmá rẹ kì í pariwo." Ìyá Boma tó wà ní yàrá kejì ń fi wá ṣe ẹ̀rín láti ojú fèrèsé, wọ́n sì ní kí n kí yín dáadáa. Lánàá, Mọ́ńdè rìn dé ìdajì ọ̀nà sọ́dọ̀ mi kó tó padà.

Ẹ bá mi kí Bùọ̀dá, kí ẹ sì fẹnu ko Bùnmi lẹ́nu fún mi. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ni n ó máa kan àwo Màmá.

Èmi àbúrò yín tó fẹ́ràn yín,
Ọlábísí Akínbíyìí.