Ẹ Má Pa Ẹ̀rọ Ìsàlẹ̀ Ilé Kí Annelise Tó Dé

Èmi, Emmett Harlan Voskuil, ará ìlú Sheboygan ní ìpínlẹ̀ Wisconsin, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ni mo ń sọ̀rọ̀ nínú ìwé yìí. Orí mi pé. Eékún ń yọ mí lẹ́nu, ojú mi ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí mi ṣì mú bí abẹ. Ìwé ìhágún yòówù tí mo ti kọ ṣáájú èyí, mo wọ́gi lé e. Royce Tamblyn, tó ni ṣọ́ọ̀bù ẹ̀rọ orin láàárín ìlú, ni mo yàn pé kó bá mi pín ohun ìní mi. Alágídí ni, ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ṣùgbọ́n kò mọ olè jíjà.

Ìkíní. Ilé mi di ti Annelise, ọmọ mi kan ṣoṣo, tó ń gbé ní Tulsa. Bó bá wù ú kó tà á. Òrùlé ń jò lápá ọ̀nà adágún. Kó má jẹ́ kí olùrà kankan fi ìyẹn rẹ́ ẹ jẹ.

Ìkejì. Ẹ̀rọ tí mo fi ń gbẹ́ irin àti gbogbo irinṣẹ́ inú gáréèjì, kí wọ́n kó wọn fún ilé ẹ̀kọ́ṣẹ́ ìlú yìí. Ẹni tí wọ́n bá rí tó ń fi èyíkéyìí nínú wọn ṣí ìgò bíà, kí wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkẹta. Deacon, ológbò mi, di ti Royce. Ẹja lọ́jọ́ Jímọ̀, oúnjẹ inú agolo ní ọjọ́ yòókù. Bó bá ń tẹjú mọ́ ibi tí kò sí nǹkan kan, kí Royce má lé e. Mo ti lé e rí, èmi ni mi ò mọ nǹkan.

Ìkẹrin. Rẹ́kọ́ọ̀dù kan wà nínú àpótí igi lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga mi ní ìsàlẹ̀ ilé, níbi tí ẹ̀rọ orin mi wà. Ohùn Corinne, ìyàwó mi, ló wà nínú rẹ̀, ó ń kọ orin Sáàmù. Dirk, àbúrò rẹ̀, ló fi ẹ̀rọ tirẹ̀ gbẹ́ ẹ sórí àwo ní pálọ̀ rẹ̀ nígbà tí mo wà níbi iṣẹ́. Corinne kú kí Annelise tó pé oṣù kan láyé. Dirk fi gbogbo ẹnu sọ pé kí wọ́n tó bí ọmọ náà ni òun gbẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù ọ̀hún. Dirk kì í rántí ohun tó jẹ láàárọ̀, àmọ́ a gbà á gbọ́, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí a lè bi.

Lẹ́yìn ẹsẹ kejì, Corinne dánu dúró. Ó ní, “Ìwọ náà fẹ́ bá mi kọ ọ́ ni?” Ó rẹ́rìn-ín, ó sì ń bá orin lọ. Gbogbo wa gbà pé Dirk ló ń bá sọ̀rọ̀. Nígbà tí Annelise di ọ̀dọ́, ó sọ fún mi pé gbólóhùn kan péré ni ìyá òun fi sílẹ̀ láyé, Dirk ló sì fún. Láti ọjọ́ náà kò sọ̀ kalẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀ ilé mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun, ó ṣì ń dùn mí.

Kí Corinne tó dánu dúró, ìró kékeré kan máa ń wáyé, bíi ti ilẹ̀kùn tí kò lépo. Àwa tí a fẹ́ràn ẹ̀rọ orin, kò sí ohun tí a kórìíra tó ariwo tí kì í ṣe ti orin. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní ṣọ́ọ̀bù Royce lọ́jọ́ Sátidé dá a lẹ́jọ́ pé gílóòbù tó ń gbé ohùn sókè nínú ẹ̀rọ ló ń ké. Mo pààrọ̀ gílóòbù. Wọ́n ní wáyà ni. Mo pààrọ̀ wáyà. Mo gbé òkúta pẹrẹsẹ sábẹ́ ẹ̀rọ, mo tún ilẹ̀ ibẹ̀ ṣe. Ìró náà kò yẹsẹ̀. Bó bá sì ti dún, Deacon á gbórí sókè, á máa wo igun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, irun ẹ̀yìn rẹ̀ á dìde. Nígbà tó yá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ ọ níbi tí mo ti ń fọ abọ́, láìsí rẹ́kọ́ọ̀dù lórí ẹ̀rọ. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Mo fẹ́ kó gbogbo rẹ̀ dànù. Royce ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní ohùn tí abẹ́rẹ́ ń ká lára rẹ́kọ́ọ̀dù kéré púpọ̀, ẹ̀rọ tó ń gbé e dìde kó tó dé sípíkà ló yẹ kí n pààrọ̀. Kí n fi ẹ̀rọ onígílóòbù sílẹ̀, kí n ra èyí tí kò ní gílóòbù rárá. Ó yá mi ní méjì kí n gbé wọn wálé, kí n bá wọn gbé. Èyí àkọ́kọ́ dùn, ṣùgbọ́n ó ń sọ gbogbo akọrin di abàyà gbàǹgbà. Èkejì jẹ́ àpótí dúdú lásán, iná rẹ̀ kò ju hóró bàbà lọ, owó rẹ̀ sì tó ra mọ́tò. Bí abẹ́rẹ́ bá balẹ̀, wàá rò pé ó ti bàjẹ́ ni, nítorí kò sí hùnhùn kankan. Rẹ́kọ́ọ̀dù àwọn ẹlòmíràn ni mo fi dán wọn wò. Àwo Corinne rọ̀. Gbogbo ìgbà tí a bá lò ó ni abẹ́rẹ́ ń họ díẹ̀ lára rẹ̀ lọ.

Mo ra àpótí dúdú. Nígbà náà ni mo tó fi í gbọ́ àwo Corinne. Kí n sọ òótọ́, mo rà á láti fi pa ìró yẹn ni. Gbogbo ariwo yòókù kú lóòótọ́. Mo gbọ́ agogo ara ògiri Dirk. Mo gbọ́ bí àga ṣe ń dún lábẹ́ Corinne. Ìró náà sì wá, kedere, ní igun ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, nísàlẹ̀, níbi tí itan ẹni tó jókòó máa ń wà. Kì í ṣe ilẹ̀kùn. Ọmọ ọwọ́ ni, ọmọ tuntun tó ń wá ọmú. Deacon dìde, ó lọ jókòó síbẹ̀. Mo gbọ́ bí Corinne ṣe yí ẹnu kúrò níbi ẹ̀rọ, tó wolẹ̀, tó sì béèrè ìbéèrè rẹ̀.

Mo pe Annelise lórí fóònù. Ó ní, “Dádì, tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yín ni, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ wà lọ́wọ́ mi.” N kò bínú sí i. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà ni mo fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ sọ.

Ìkarùn-ún, tó jẹ́ ìkẹyìn. Rẹ́kọ́ọ̀dù náà àti àpótí dúdú di ti Annelise. Royce, o mọ̀ pé a kì í pa irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Bó bá tutù, ó máa ń pẹ́ kí ohùn rẹ̀ tó là. Jẹ́ kí iná kékeré yẹn máa tàn títí ọmọ mi yóò fi dé. Kí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará Sátidé má fi abẹ́rẹ́ kan àwo náà. Ìwọ náà ńkọ́? Rárá.

Annelise, jókòó sórí àga mi, kí o kọjú sí fèrèsé. Dirk kì í pa ẹnikẹ́ni lẹ́rìn-ín, ìwọ náà mọ̀ ọ́n. Ó ṣì í rántí ni: wọ́n ti bí ọ kó tó gbẹ́ àwo náà, itan ìyá rẹ ni o wà. Ohun tó pa ìyá rẹ lẹ́rìn-ín wà láàárín ìbéèrè rẹ̀ àti ẹ̀rín yẹn, ariwo ẹ̀rọ onígílóòbù ló ń bò ó mọ́lẹ̀ látọjọ́ yìí. Bó ṣe béèrè tán ni mo gbé abẹ́rẹ́ kúrò, n kò sì tíì dá a padà. Ìdáhùn tí o fún un, èmi pàápàá kò gbọ́ ọ. Tìrẹ ni.

Mo fọwọ́ sí i: Emmett H. Voskuil, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá, ọdún 2019.

Ẹlẹ́rìí: Harriet Lubbers, aládùúgbò.
Ẹlẹ́rìí: Conrad Pruitt, tó ń ta ẹja.