Ohùn Tó Ń Pe Àkànní Nínú Kùrukùru

Ẹ kú ilé o, màmá mi. Ẹ kú ojú lọ́nà, ẹ kú àárò ọmọ. Mo kí Bàbá lórí ìkúnlẹ̀, mo kí Ìyáálé wa, mo kí àwọn àbúrò mi lọ́kọ̀ọ̀kan, títí kan èyí tí mo fi sílẹ̀ lẹ́yìn yín, tí ẹ ní ó ti ń sáré kiri agboolé báyìí. Ṣé ara ilé le? Ṣé òjò ti gbà kí Bàbá tún òrùlé yàrá ẹ̀yìn ṣe? Ara tèmi le, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá ibi jókòó kí wọ́n tó ka ìyókù. Mo bẹ ẹni tó ń kà á fún yín pé kó má kánjú, kó má sì fo ibì kankan. Ǹ bá fi ìwé yìí sínú àpòòwé, ǹ bá fi rán ẹni tó bá rọ́nà bọ̀ nílé. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan ẹnì kan tí wọ́n bà lórúkọ jẹ́ ní gbangba, ní Ògbómọ̀ṣọ́, ní Jọ́ọ̀sì, ní Àbíjàn, níbi gbogbo tí ẹbí wa ń gbé. Ohun tí wọ́n wí lójú ọjà, mi ò lè máa dá a lóhùn ní kọ̀rọ̀ yàrá. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí oníwèé ìròyìn bá mi gbé e jáde.

Ní Wàgá níbí, òjò ti dé, ilẹ̀ pupa ti di ẹrẹ̀, yànmùyánmú ò sì jẹ́ kéèyàn gbádùn. Bí mo bá ti kúrò ní yunifásítì, ṣọ́ọ̀bù Bàbá Kékeré ní àdúgbò Gounghin ni mò ń lọ, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mótò lójú ọ̀nà Bobo. Èékánná mi ti dúdú fún gírísì. Rẹfolúsọ́ọ̀nù, ìyípadà ìjọba tí ẹ ń gbọ́ lórí rédíò, a ti mọ́ ọn lára: ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní ìkóríta láàárọ̀, aṣọ òkè ilẹ̀ ibí lọ́rùn gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn ọ̀dọ́ tó gbé ìbọn kọ́rùn tí wọ́n ń béèrè ìwé ẹni. Igi ni wọ́n ń gbìn ṣáá. Ẹ ò lè ṣègbéyàwó níbí, ẹ ò lè sọmọ lórúkọ, kí ẹ má gbin igi. Ìyàwó Bàbá Kékeré, tí wọ́n bí sí Samandin níbí, ń tọ́jú mi bí ọmọ, àmọ́ Yorùbá wọn ti lú mọ́ Faransé. Gbogbo ohun tí mo bá sọ, dákọ̀ọ̀, ìyẹn ‘ó dáa’, ni wọ́n ń fi dá mi lóhùn. Kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ mi tán. Rémi ni wọ́n ń pè mí, ẹ sì mọ̀ pé orúkọ ọkùnrin nìyẹn lọ́dọ̀ àwọn Faransé. Nígbà míì mo máa ń jókòó sórí ibùsùn, màá rọra pe ara mi ní Rẹ̀mílẹ́kún, kí etí mi má baà gbàgbé.

Mo ní ọ̀rẹ́ kan tó ń jẹ́ Mariam, ará Samandin, ẹ̀kọ́ nípa ewéko la jọ ń kọ́. Ìyá ìyá rẹ̀ ń gbé ní ìlú kékeré kan lórí òkè, kọjá Bobo. Ó ti pẹ́ tó ti ń sọ fún mi pé nígbà òjò, àwọsánmà máa ń sọ̀ kalẹ̀ láti ojú ọ̀run wá jókòó sínú igbó ibẹ̀, pé oríṣiríṣi ewé ló wà níbẹ̀ tí a ò lè rí ní Wàgá gbígbẹ yìí. Mo ní àsọdùn ni. Ó ní kí n wá wò ó. Bàbá Kékeré ò kọ́kọ́ fẹ́, wọ́n ní ìrìn kí ni ọmọ obìnrin ń rìn, àfìgbà tí ìyàwó wọn bá mi bẹ̀bẹ̀. Báyìí la ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ Jímọ́, a sùn ní Bobo, a sì gun ọkọ̀ akẹ́rù lọ síbẹ̀ ní Sátidé. Mi ò ní dárúkọ ìlú náà, kí àwọn olófòófó má baà lọ dà á láàmú.

Màmá, Mariam ò sọ àsọdùn. Bí ọkọ̀ ṣe ń gun òkè ni afẹ́fẹ́ ń tutù, àwọn igi ibẹ̀ sì gbé ewédò wọ̀ bí ẹni wọ aṣọ onírun. Omi ń kán tó, tó, tó láti orí ewé, bẹ́ẹ̀ òjò ò rọ̀. Ìyá àgbà gbà wá tọwọ́tẹsẹ̀, wọ́n bu omi fún wa, wọ́n ń kí mi ní èdè Jùlá, Mariam ń túmọ̀ èyí tí kò bá yé mi. A bá wọn gún ọkà fún oúnjẹ ọ̀sán. Odó ń dún ní gbogbo agboolé, àwọn ọmọdé ń pariwo, ọkọ̀ tó gbé wa wá ń fun fèrè lójú ọjà.

Ni funfun kan bá yọ láti inú igbó. Ó ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ lórí ilẹ̀, ó gba àárín ilé méjì kọjá, ó bo kànga, ó bo ewúrẹ́, mi ò rí Mariam tó wà níwájú mi mọ́. Èyí ò dẹ́rù bà mí, kùrukùru la wá wò. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé gbogbo ìlú dákẹ́. Kì í ṣe pé ariwo rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Odó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọdé dákẹ́, awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Mo fẹ́ gbé ọmọ odó sókè, ọwọ́ ìyá àgbà yọ nínú funfun yẹn, ó gbà á lọ́wọ́ mi, ó sì fi ìka lé mi lẹ́nu.

Ìgbà náà ni mo gbọ́ ọ. Láti apá igbó, obìnrin kan ń pè ní Yorùbá pé: Àkànní o! Àkànní, ọmọ mi, máa bọ̀!

Màmá, ohùn yín ni. Mi ò sọ pé ó jọ ọ́. Bí ohùn yín ṣe máa ń ya díẹ̀ ní ìparí bí ẹ bá ń pè wá láti odò, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló ya. Orúkọ tó sì ń pè, orúkọ ẹ̀gbọ́n mi tí mi ò bá láyé ni, èyí tí ẹ torí rẹ̀ sọ mí ní Rẹ̀mílẹ́kún. Ara mi bù máṣọ. Ohun tó kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn ni pé ẹ ti kú nílé, pé ẹ gba ibí kọjá. Mariam táràrà dé ọ̀dọ̀ mi, ó di aṣọ mi mú, ó ń fi orí sọ pé rárá. Mo já ara mi gbà, mo sáré wọ inú funfun náà.

Mo ń na ọwọ́ síwájú bí afọ́jú. Igi tí mo bá fọwọ́ kàn á tutù bí ara ejò. Ohùn náà ń pè, ó ń dákẹ́, ó tún ń pè, mo sì ń tọ̀ ọ́ lọ títí mo fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu obìnrin kan tó dúró létí igbó, tó kẹ̀yìn sí mi. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn ní èdè wa. Wọn ò yíjú. Mo tún kí wọn. Wọ́n wá yíjú, mo rí ilà ojú yín, mo rí etí yín, lójú ẹni tó gbó jù yín lọ. Wọ́n fi Jùlá dá mi lóhùn, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ mí, àwọn ò gbọ́ èdè tí mò ń sọ, kí n padà sílé ẹni tó gbà mí lálejò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pariwo ní Yorùbá!

Mo ní ọmọ Àṣàkẹ́ ni mí, láti Ògbómọ̀ṣọ́. Wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ tútù.

Ẹ̀gbọ́n yín Àdùkẹ́ ni, màmá. Ẹni tí ẹ kírun òkú sí lára. Wọ́n wà láàyè.

Wọ́n fi ọwọ́ kan ojú mi. Wọ́n ní ṣé lóòótọ́ ni Àṣàkẹ́ tún ọmọ bí. Mo ní èmi ni, àti àwọn mìíràn lẹ́yìn mi. Ìgbà náà ni wọ́n tó bú sẹ́kún, tí Yorùbá sì tú jáde lẹ́nu wọn, Yorùbá àtijọ́, bí èyí tí ìyá yín àgbà máa ń sọ. Wọ́n ní Àkànní ló sunkún pé àfi kí òun tẹ̀ lé àwọn lọ ṣòwò, ẹ̀yin fúnra yín sì fà á lé àwọn lọ́wọ́ torí pé ara yín ò yá. Wọ́n kó àdìrẹ wá sí ọjà òkè yìí. Ọmọ ń ṣeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù. Kùrukùru sọ̀ kalẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ká aṣọ fún oníbàárà, nígbà tó fi máa gòkè, ọmọ ò sí níbẹ̀. Gbogbo ìlú tú igbó. Wọn ò rí ipasẹ̀ rẹ̀, wọn ò rí aṣọ rẹ̀. Wọ́n ní ojú wo làwọn ì bá fi wo yín? Ni wọ́n bá rán àwọn tí wọ́n jọ wá pé kí wọ́n sọ pé ọkọ̀ ló pa àwọn méjèèjì. Ẹ̀yin gba ọ̀rọ̀ ikú náà gbọ́, ẹ kírun, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo àwọn yẹn ló jẹ́ iṣẹ́ náà bí wọ́n ṣe rán wọn. Nílé wa, ohun tí mo gbọ́ dàgbà ni pé wọ́n ta ọmọ ọlọ́mọ, wọ́n sì sá lọ.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká máa lọ sí Wàgá. Wọ́n ní àwọn ò lè lọ, nítorí pé bí àwọn bá pe Àkànní, ó ń dáhùn. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí ìlú fi ń dákẹ́: kí àwọn lè gbọ́ ọ.

Màmá, mi ò gbà gbọ́. Mo sọ fún Mariam pé ìbànújẹ́ ló dà wọ́n lórí rú, pé ara àpáta ni ohùn ń lù tó ń padà wá. Mariam ní àti kékeré lòun ti ń gbọ́ ọ.

Láàárọ̀ Sọ́ńdè, kùrukùru tún sọ̀ kalẹ̀. Mo bá wọn lọ sétí igbó, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ pé máa bọ̀, orúkọ nìkan ni kí wọ́n pè, kí n lè mọ̀ bóyá àpáta ló ń dá ohùn wọn padà. Wọ́n pe Àkànní lẹ́ẹ̀kan, wọ́n dákẹ́. Omi ń kán lórí ewé. Ẹyẹ ò ké. Láti inú igbó lọ́hùn-ún, ohùn ọmọ tí kò tíì pààrọ̀ eyín dáhùn ní èdè wa pé: Mò ń bọ̀ o!

Etí mi ló gbọ́ ọ. Inú ohùn yẹn dùn, bí ọmọ tí wọ́n pè níbi eré. Èmi àti ẹ̀gbọ́n yín di ara wa mú, a dúró títí kùrukùru fi gòkè. Ẹnikẹ́ni ò jáde. Wọ́n ní bó ṣe máa ń rí nìyẹn láti ìgbà náà wá: ó ní òun ń bọ̀, kì í dé. Wọ́n ní bóyá kì í ṣe àwọn ló ń retí. Bóyá ìyá rẹ̀ ló ń retí, kó wá pè é wálé, tàbí kó wá sọ fún un pé kó máa lọ.

Nígbà tí mo dé Gounghin, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún Bàbá Kékeré. Ẹ mọ̀ pé àwọn ló mú ẹ̀gbọ́n yín wá sílẹ̀ yìí nígbà náà, àwọn sì wà lára àwọn tó ń sọ pé wọ́n ta ọmọ. Wọ́n ní n kò gbọdọ̀ kọ̀wé sí yín, pé ẹni tí a ti sin, kí á fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n béèrè bóyá ẹ̀gbọ́n yín béèrè àwọn. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, pé wọ́n béèrè bóyá Bàbá Kékeré ṣì ń bẹ̀rù ajá. Wọ́n dìde, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù lójú ọ̀sán gangan, wọ́n lọ jókòó sí mọ́ṣáláṣí títí wọ́n fi kírun Àṣálẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n ní kí n kọ ọ́.

Mo ti kọ ọ́, màmá, ẹ̀rù sì ń bà mí. Mo mọ̀ yín. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn yẹn, ẹ ò ní fẹ́ padà sílé mọ́, àwọn àbúrò mi á sì di ọmọ aláìníyàá nígbà tí ìyá wọn ṣì wà láyé. Nítorí náà mo bẹ̀ yín, ẹ má dá wá, ẹ má sì wá nígbà òjò. Bí ẹnubodè tí ìjọba tì bá ti ṣí, tí ọyẹ́ bá ti mú, tí kò sí kùrukùru kankan lórí òkè, kí Bàbá mú yín wá, màá pàdé yín ní Bobo. A óò jọ dúró létí igbó yẹn nínú oòrùn. Ohun tí ẹ bá fẹ́ sọ fún Àkànní, ẹ óò sọ ọ́, bó dáhùn, bí kò dáhùn. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ pè níbẹ̀ ni ti ẹ̀gbọ́n yín. Àwọn ló wà láàyè.

Ẹ bá mi kí gbogbo ará agboolé, ẹ kí àwọn aládùúgbò, kí ẹni tó bá ti sọ ohun tí kò mọ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọlọ́run á tù yín nínú, á fún yín ní ẹ̀mí gígùn àti ẹsẹ̀ tó le fún ìrìn yìí. Kí ilé má tú mọ́ wa lórí.

Èmi ni ọmọ yín tó ń retí yín,
Rẹ̀mílẹ́kún, ní Wàgá.