Ìrù Ọ̀rọ̀ Tí Ngà Kọ́

Ilé wa, ní Sangju,
Oṣù Kọkànlá.

Gyu-sik ọmọ mi,

Báwo ni ara rẹ lórí omi tó jìnnà yẹn? Mo bẹ Ọ̀run kí ìgbì má ṣe bá ọkọ̀ yín ṣeré. Òtútù ti dé bá wa, ṣùgbọ́n ara gbogbo wa le.

Ngà, ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ, ṣì ń lọ síbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ìyàwó tó wá láti Vietnam ní èdè Kòríà wa. Olùkọ́ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ wọn ní “jíyò”, ìyẹn “àbí”. Ó ní a máa ń fi í sí ìdí ọ̀rọ̀ tí ẹni tí à ń bá sọ̀rọ̀ ti mọ̀, kó lè gbè wá lẹ́sẹ̀. Láti ìgbà náà, gbogbo ọ̀rọ̀ Ngà di àbí, àbí. “Màmá, ọbẹ̀ yìí dùn, àbí?” “Ajá yìí ya ọ̀lẹ, àbí?”

Ìwọ náà mọ̀ pé bàbá rẹ àti àbúrò wọn, Pil-ho, kì í kí ara wọn mọ́ látìgbà tí wọ́n ti jà lórí ibi tí a ó sin màmá àgbà sí. Lọ́jọ́ Sátidé, à ń ru kábéèjì tí a ó fi iyọ̀ àti ata ṣe kimchi bọ̀ láti oko, Pil-ho sì dúró lẹ́nu géètì rẹ̀. Ngà tẹrí ba. “Bàbá kékeré, ẹ máa wá jẹ kimchi tuntun nílé wa lọ́la, àbí?” Pil-ho wo ilẹ̀. Ni ọmọ yìí bá kọjú sí bàbá rẹ: “Bàbá, ẹ̀ ń retí wọn, àbí?”

Ẹ̀mí mi fẹ́rẹ̀ẹ́ fò lọ. Bàbá rẹ wúkọ́ títí, kábéèjì kan já bọ́ lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní, “Ta ló ní n ò retí ẹ̀?”

Pil-ho ní, “Ẹ má fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣahun o.”

Ó wá lóòótọ́, ó gbé ọtí ìrẹsì dání. Kò sẹ́ni tó tọrọ àforíjì. Nígbà tí bàbá rẹ tọ́ kimchi wò, wọ́n ní, “Ìyá wa kì í fi iyọ̀ tó báyìí sí i, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gbọ́n mi.”

Mo sáré wọ ilé ìdáná lọ nu ojú mi.

Ohun tí mi ò tíì mọ̀ ni bóyá Ngà mọ̀ nípa ìjà náà. Mo bi í bó ti ń fọ abọ́ lọ́wọ́ pé, ṣé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni? Ó rẹ́rìn-ín: “Màmá, ẹ fẹ́ kí n sọ pé rárá, àbí?” Kí lo rò sí i?

Kí omi tó gbé ọ lọ gbé ọ padà wá fún wa ní àlàáfíà. Wàá jẹ èrè iṣẹ́ rẹ.

Èmi ni ìyá tó bí ọ.

Mo tún rántí: Pil-ho wá gbé àkàbà wa lọ láàárọ̀ yìí láìbéèrè, bíi ti àtijọ́. Bàbá rẹ ti ń bú u láti ìgbà náà. Inú mi dùn.