Ta Ni Et Al Tó Ń Bá Ọ Rìn Yìí?

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ò ń sùn, ṣé ò ń jẹun lásìkò, ṣé ò ń wọ aṣọ tó nípọn sábẹ́ ẹ̀wù funfun tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́ yẹn bí mo ṣe ní kó o máa ṣe? Ọlọ́run tó fi ọ́ ta mí lọ́rẹ kò ní gbà ọ́ lọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní di ti ẹlòmíràn. Ẹni tó bá ń ṣọ́ ọ lẹ́yìn, ojú ni yóò máa ro ó. Àmín. Àwa náà wà níbí, orúnkún mi ṣì ń ké bí ilẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí, àbúrò rẹ gé irun rẹ̀, kò bá a mu rárá, má sọ fún un pé mo sọ bẹ́ẹ̀. Atẹ̀jíṣẹ́ tó o fi sórí fóònù bàbá rẹ lọ́jọ́ Àìkú, pé kó bá ọ kí àwọn yòókù, ó ti jẹ́ iṣẹ́ náà. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní ọmọ òun ní kí òun kí àwọn yòókù, ó sì padà sídìí pákó rẹ̀. A dúpẹ́.

Mo mọ̀ pé wàá máa rò ó pé kí ló dé tí màámi fi kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Mi ò mọ ẹni tó máa ń jókòó tì ọ́ nígbà tó o bá gbé e, mi ò sì mọ ẹni tó ń gbé e nígbà tó o bá wọ balùwẹ̀. Mo fi gọ́ọ̀mù lẹ àpò ìwé yìí nígbà méjì, mo tún fi òwú rán etí rẹ̀. Òwú búlúù ni. Bó bá dé ọwọ́ rẹ tí òwú náà ti di àwọ̀ míì, a jẹ́ pé ẹnì kan ti tú u wò nìyẹn, kó o tètè jẹ́ kí n mọ̀.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Nígbà tó o ní ìwádìí tó o ṣe lórí egbò àwọn alátọ̀gbẹ ti jáde nínú ìwé ńlá àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, inú mi dùn débi pé mo gé ọrùn aṣọ oníbàárà kan sí ẹ̀yìn. Mo gbé fóònù bàbá rẹ lọ bá ọkùnrin tó ń ṣe fọ́tókọ́pì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, mo ní kó tẹ gbogbo rẹ̀ jáde fún mi. Ewé mọ́kànlá ni. Ẹ̀rọ rẹ̀ gbé ewé kìíní mì, ó fà á ya jálajàla, ó wá ní kí n má ṣèyọnu, pé kò sí nǹkan gidi kan nínú ewé kìíní, pé orúkọ nìkan ló máa ń wà níbẹ̀. Mo gba mẹ́wàá tó kù. Mo ní orúkọ wo ni mo tún ń wá, ṣebí èmi ni mo sọ ọ́ lórúkọ.

O mọ̀ pé mo ka girama parí, mi ò lọ síbẹ̀ lọ ṣeré. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi ka ìwé náà, èmi àti ìwé atúmọ̀ èdè tó o fi sílẹ̀. Mo kọ́kọ́ rí i pé ẹ kó eku mẹ́rìnlélógún jọ. Ẹ dá egbò sí wọn lára fúnra yín, ẹ fi oògùn sí ti méjìlá, ẹ fi omi lásán sí ti méjìlá tó kù, ẹ sì mọ̀ pé omi lásán ni. Nígbà tí egbò àwọn tó gba oògùn jinná tán, ẹ pa gbogbo wọn. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ mi, ta ló ń wo aláìsàn sàn tán kó tó pa á? Nínú ilé tí mo ti tọ́ ọ, ẹni tí a bá fẹ́ pa, a kì í kọ́kọ́ fi báńdéèjì dì í.

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kan sẹ́ẹ̀lì. Sẹ́ẹ̀lì kún inú ìwé náà bí ìrẹsì inú àpò. Ẹ ní ẹ tì wọ́n mọ́ inú àpótí gbígbóná fún ọjọ́ mẹ́ta, pé àwọn kan kú síbẹ̀, pé àwọn tó kù ń pọ̀ sí i. Sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo tí èmi mọ̀ ni èyí tí àwọn ọlọ́pàá ti àbúrò bàbá rẹ mọ́ nítorí ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́, àwọn èrò ibẹ̀ náà ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ló gbé ìwọ débẹ̀? Ẹ tún wá kọ ọ́ gbàgàdà sí ìparí pé ẹ ò ní ìjà kankan. Mo wo ọ̀rọ̀ òyìnbó náà, “conflict”, dáadáa nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ìjà ni wọ́n pè é. Ta ló bi yín? Ẹni tí kò jà kì í pariwo pé òun ò jà. Ẹ wá dúpẹ́ lọ́wọ́ èèyàn méjì tí wọn ò lórúkọ, pé wọ́n yẹ iṣẹ́ yín wò kó tó jáde. Bí wọn ò bá lórúkọ, ta ló sọ fún yín pé méjì ni wọ́n? Ẹni tó ṣe oore, kí ló dé tó ń fojú pamọ́?

Gbogbo ìyẹn, mo lè fi sábẹ́ ìrọ̀rí kí n sùn lé e lórí. Èyí tí kò jẹ́ kí n sùn ni ti ọkùnrin náà.

Lókè ewé kọ̀ọ̀kan, orúkọ bàbá rẹ tó ò ń jẹ́ ni wọ́n kọ síbẹ̀, wọ́n wá kọ Et Al tẹ̀ lé e. Ewé mẹ́wàá, ibi mẹ́wàá. Kò síbi tó o yà tí kò bá ọ yà. Ọdún mẹ́ta lo ti ń sọ fún mi pé kò sí ọkùnrin kankan, pé iṣẹ́ ló gbà ọ́ lọ́wọ́, pé bó bá yá wàá mú ẹnì kan wá sílé. Ta ni Et Al? Ọmọ ta ni? Báwo ni orúkọ yín ṣe ń sùn lórí ìlà kan náà tí àwa òbí rẹ ò sì mọ ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀?

Mo ṣí ẹ̀yìn ìwé náà, níbi tí ẹ to àwọn tó ti kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ṣáájú yín sí. Mo mú ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń sàmì sí aṣọ, mo ń fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀ bí mo ṣe ń rí i. Ibi mẹ́tàdínlógójì! Ó bá ẹnì kan kọ ti kíndìnrín, ó bá ẹlòmíràn kọ ti oyin tí wọ́n ń fi sójú egbò, ó tún bá ẹnì kan kọ ti ẹsẹ̀ wíwú, kò sì pẹ́ lọ́dọ̀ ẹnikẹ́ni nínú wọn. Èyí tó wá ká mi lọ́wọ́ kò ni pé wọ́n kọ ọdún sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ wọn, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì jẹ́ 1968. Ní 1968, bàbá rẹ ṣì ń tọ̀ sórí ẹní! Mo ní ọmọ mi dáràn. Oníṣekúṣe ni, arúgbó sì tún ni.

Mo gbé ìwé náà lọ bá bàbá rẹ ní ṣọ́ọ̀bù. Kò rí awò ojú rẹ̀. O ṣáà mọ̀ pé bó bá ti kan àga tán, ó máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ “ẹ tà á” sí i lára kí ẹni tó ń bá a tajà lè mọ̀ pé ó ti ṣeé gbé síta. Ó gbé ìwé náà jìnnà sójú, ó rí orúkọ rẹ̀, ó rí Et Al, ó kà á sí ẹ tà á. Ó bi mí pé ta ló gbé orúkọ òun síta fún títà. Mo ní kì í ṣe ẹ tà á, ọkùnrin ni. Ojú rẹ̀ wá le ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó wọlé, ó gbé àwòrán ọjọ́ tó o gboyè kúrò lára ògiri pálọ̀, ó fi ojú rẹ̀ kọ ògiri lẹ́yìn àpótí aṣọ, ó sì fa ìṣó yọ. O mọ bàbá rẹ. Bó bá gbé àwòrán kúrò, ó ṣì ṣeé bẹ̀. Bó bá fa ìṣó yọ, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Ó ní bó bá jẹ́ òótọ́ ni pé ọmọ òun ń bá arúgbó kan gbé láìsọ fún òun, àwòrán yẹn ò ní padà síbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni ògiri wa fi dà bí ẹnu tí eyín ti yọ. Ní ọjọ́ karùn-ún mo tọ olùkọ́ físíìsì lọ, èyí tó kọ́ ọ nígbà kan, tó ń gbé yàrá ẹ̀yìn wa. Mi ò fẹ́ kó mọ ohun tó wà níkùn mi, mo fẹ̀sọ̀ bi í bóyá ó mọ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Et Al láàárín àwọn onímọ̀. Ó ní Et Al kẹ̀? Ó ní ó wà níbi gbogbo. Ó gbé àwọn ìwé tirẹ̀ jáde, ti ìmọ́lẹ̀, ti ooru, ti bí ìràwọ̀ ṣe ń kú, Et Al ló wà níbẹ̀ tó jókòó pẹ̀sẹ̀. Mo ní áà, kò tiẹ̀ mọ sórí egbò nìkan. Mo wá bi olùkọ́ pé ṣé ó níyàwó. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí awò ojú rẹ̀ fi bọ́ sínú tíì.

Ó ní Et Al kì í ṣe èèyàn. Ó ní èdè Látìn ni, pé ìtumọ̀ rẹ̀ ni “àti àwọn yòókù”. Pé bí èèyàn púpọ̀ bá jọ ṣe iṣẹ́ kan, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ṣáájú, wọ́n á wá fi ọ̀rọ̀ yẹn bo àwọn tó kù bí ìgbà tí èèyàn fi apẹ̀rẹ̀ bo adìyẹ. Mi ò gbà lójú ẹsẹ̀. Olùkọ́ yẹn fẹ́ràn rẹ láti ilé ẹ̀kọ́, ó lè máa bo àṣírí rẹ. Mo ní bó bá jẹ́ àwọn yòókù ni, kí ló dé tí wọn ò kọ àwọn yòókù? Òun náà ló sọ pé àwọn tó ń sọ Látìn ti kú tipẹ́. Ta ló ń fi èdè òkú sọ̀rọ̀ alààyè bí kò bá ní ohun tó ń fi pa mọ́? Nígbà tó rí i pé mi ò mira, ó ṣí fóònù tirẹ̀, ó wá ewé kìíní tí ẹ̀rọ fọ́tókọ́pì jẹ. Orúkọ méje ló wà níbẹ̀. Tìrẹ ló ṣáájú.

Mo sáré lọ sọ fún bàbá rẹ. Ó ní kí n tún un sọ, mo tún un sọ. Ó gbé àwòrán náà jáde, ó fi apá aṣọ rẹ̀ nù ún, ó sì fi òwú mi so ó kọ́ ojú fèrèsé, òwú búlúù yìí kan náà. Mo ní ìṣó ńkọ́? Ó ní ìṣó wà lápò òun, pé ọjọ́ tí ìwọ fúnra rẹ bá dúró ní pálọ̀ yìí, tó o fi ẹnu ara rẹ sọ pé kò sí arúgbó kankan, ni òun máa tó kàn án. Òwú ló gbé ọ dání báyìí o, ọmọ mi, atẹ́gùn sì ń gba ojú fèrèsé yẹn wọlé.

Èmi náà ò tíì fọkàn balẹ̀ tán. Kọ orúkọ àwọn mẹ́fà tó kù ránṣẹ́, kó o kọ ọkùnrin tàbí obìnrin sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹni tó ń fún eku lóúnjẹ àti ẹni tó ń fọ ìgò, ṣé wọ́n wà nínú wọn? Ẹni kẹrin yẹn, orúkọ rẹ̀ gùn, ó jọ orúkọ ẹni tí kò tíì gbéyàwó. Bó bá ti gbéyàwó, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ni ín. Bí kò bá tíì gbé, mi ò sọ nǹkan kan o, mo kàn ní tó bá ń kọjá kó yà wá jẹun.

Nígbà tí mo padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, ọ̀rọ̀ náà ò kúrò létí mi. Mo ń fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ, ẹ̀rọ ń sọ ọ́: àwọn yòókù, àwọn yòókù. Mo ní níbo ni mo ti ń gbọ́ ọ? Mo gba fóònù lọ́wọ́ bàbá rẹ, mo ní mo fẹ́ wo aago. Mo ka àwọn atẹ̀jíṣẹ́ rẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún. Bàbá mi, ẹ kú iṣẹ́, ẹ bá mi kí àwọn yòókù. Bàbá mi, ara mi ti yá, ẹ sọ fún àwọn yòókù. Bàbá mi, ìwádìí mi ti jáde, ẹ fi han àwọn yòókù. Mọ́kànlélógún ni, mi ò rí ara mi nínú ọ̀kankan. Ẹni tó rán ẹ̀wù funfun àkọ́kọ́ tó o wọ lọ sẹ́nu iṣẹ́, tó di egbò orúnkún rẹ nígbà tó o ṣubú lórí kẹ̀kẹ́, tó wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ àti lálẹ́ títí ó fi jinná, tí kò sì pa ọ́ lẹ́yìn rẹ̀, abẹ́ apẹ̀rẹ̀ náà lòun wà pẹ̀lú àwọn adìyẹ.

Mi ò bínú. Mo kọ ọ́ síbí gbàgàdà pé mi ò bá ẹnikẹ́ni ní ìjà kankan.

Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n ra ṣọ́ọ̀kì, ìdí Et Al ni èyí tí mo ní tán sí. Fi owó ọkọ̀ kún un kí n fi wá wo àwọn mẹ́fà yẹn lójú. Tàbí kó o fi owó ọkọ̀ náà wálé fúnra rẹ, èyí ló wù mí jù, kí ìṣó má baà dógùn-ún sápò bàbá rẹ. Bó o bá fẹ́ kọ èsì, orúkọ mi ni kó o kọ sẹ́yìn àpò ìwé, kó o kọ ọ́ tán pátápátá.

Egbò tí o bá fọwọ́ kàn, yóò máa jinná, ti èèyàn àti ti eku. Orúkọ rẹ ò ní sọnù sáàárín èrò. Wàá jáde re, wàá wọlé re, ilẹ̀kùn wa ni wàá sì gbà wọlé. Bàbá rẹ kí ọ.

Èmi ni ìyá rẹ,

Et Al.