Ìwé Tí Mo Kọ ní Ṣọ́ọ̀bù Bọ̀dá

Monrovia, oṣù kẹfà, 1996

Àǹtí mi Ayọ̀ọlá,

Mo kí yín, mo kí bàbá àwọn ọmọ. Ilé wa ò jó, a sì ti ń rí ìrẹsì rà padà.

Ẹ ti gbọ́ pé àwọn oníbọn kó ṣọ́ọ̀bù oògùn ẹ̀gbọ́n wa, Bọ̀dá Adérógbà, ní Gurley Street. Ẹ ò gbọ́ pé ọwọ́ mi wà níbẹ̀. Ọ́fíìsì ìjọba tí mo ń bá ṣiṣẹ́ ní ká kọ oògùn tó kù nígboro àti iye tí wọ́n ń tà á, kí wọ́n lè mọ èyí tí wọ́n máa béèrè lókè òkun. Bọ̀dá ò fẹ́ fi yàrá ẹ̀yìn hàn mí. Mo ní, "Ọ́fíìsì nìkan ló máa rí i." Wọ́n gbà mí gbọ́.

Nígbà tí ìjà dé ní oṣù kẹrin, àwọn oníbọn kó ọ́fíìsì wa. Ìwé mi ló wà lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n dé ọ̀dọ̀ Bọ̀dá. Yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n gbà lọ tààrà.

Mo jẹ́wọ́ fún Bọ̀dá lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní, "Fẹ̀hìntọlá, èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún ọ." Láti ìgbà náà, tí mo bá kí wọn, wọn kì í dáhùn.

Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n. Ẹ sì fi oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rán ẹni tó bá ń bọ̀, torí Màmá. Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá la ti ń gbà á tẹ́lẹ̀.

Ọlọ́run á jẹ́ ká fojú kan ara wa láyọ̀.

Àbúrò yín,
Fẹ̀hìntọlá