Dátà Tó Gbé Ọ Gun Òkè

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí kẹ̀kẹ́ rẹ, mo kí gbogbo ẹgbẹ́ tí ẹ jọ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ létí òkun. Ọlọ́run tó pa ààlà fún òkun kò ní jẹ́ kó fo ààlà wá bá yín. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ ṣé o ti jẹun. Ara wa le. Òrùlé kò jò mọ́ láti ìgbà tí òjò ti dá, adìẹ alágídí yẹn sì ti pa ọmọ sínú àpótí tí mo ń da àjákù aṣọ sí, mi ò lè lé e, inú àpò ni mò ń da àjákù sí báyìí.

Àmì pupa orí máàpù tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi, tí o ní ìwọ nìyẹn, à ń rí i. Orí tábìlì tí mo fi ń gé aṣọ ni mo gbé ọ sí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé fóònù náà dàgẹ̀rẹ̀, torí omi búlúù yẹn kò jìnnà sí ọ rárá. Ṣùgbọ́n màá jẹ́wọ́. Lọ́jọ́ kan mo gbàgbé, mo kì ọ́ bọ àpò ṣòkòtò, mo gun kẹ̀kẹ́ lọ gbé aṣọ fún oníbàárà. Ìgbà tí mo rántí pé o ti dorí kodò, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ńṣe ni mo tì í délé. Bí ọrùn bá ń dùn ọ́, má bínú, èmi ni.

Ìyá rẹ rí fọ́tò yín, ó ní ṣé ṣòkòtò yẹn súnkì ni. Èmi télọ̀ wò ó dáadáa. Ẹni tó rán an ṣahun aṣọ, àmọ́ tìmùtìmù tó fi sídìí ẹ̀, ó gbìyànjú. Mo ti rán èyí tó fẹ̀ fún ọ, kí atẹ́gùn lè ráyè wọlé.

Ọ̀rọ̀ tó ń jẹ mí lọ́kàn nìyí, mo ti kọ ọ́ tí mo tún fa ìwé ya ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Lọ́jọ́ tí ẹ dé ẹsẹ̀ òkè ńlá yẹn, èmi àti Baba Onítáyà, tó ń lẹ táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi, wo ìjàkadì lórí fóònù títí dátà fi tán. Nígbà tí mo padà sọ́dọ̀ rẹ, o ti dúró gbagidi. Mo kì ọ́ ní oríkì, o ò mira. Ìyá rẹ ní ó ti rẹ̀ ọ́ ni. Baba Onítáyà ní táyà ló jò, ó tiẹ̀ ti gbé pọ́ǹpù dání, ó ń bi mí ibi tó máa fi ẹnu ẹ̀ sí lára fóònù. Mo sáré lọ ra dátà. Ọmọ mi, o fò! Ẹ̀yìn òkè la ti bá ọ.

Nígbà tí o pè, o ní lóòótọ́ ni gbogbo yín dúró sábẹ́ ahéré lẹ́sẹ̀ òkè, pé òjò ló dá yín dúró. Mo mọ̀ pé o fẹ́ bo àṣírí bàbá rẹ ni, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bá mi bẹ olórí yín, àti màmá tíṣà tó máa ń gbẹ̀yìn nínú yín, pé ìjàkadì ló jẹ́ kí òtútù mú wọn.

Àbí èmi ni ò mọ̀ ọ́n? Mo parí girama lóòótọ́, àmọ́ wọn ò kọ́ wa ní dátà. Baba Onítáyà ní dátà ò lè wa kẹ̀kẹ́. Mo ní kó ṣàlàyé bó o ṣe fò nígbà náà. Ó yọ́ padà sídìí táyà ẹ̀.

Ọ̀nà tó kù kí ẹ tó dé ìlú tí ẹ ti máa sọ̀ kalẹ̀ pátápátá ṣì gùn, dátà tó wà nílẹ̀ ò lè gbé ọ débẹ̀. Jọ̀ọ́, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́. Kì í ṣe fún jíjẹ o, ìjàkadì sì ti di èèwọ̀ nílé yìí. Bí owó bá pẹ́, má fagídí gùn ún. Sọ̀ kalẹ̀, fi kẹ̀kẹ́ ti igi, jókòó sí ìbòòji, mò ń wá dátà lọ́wọ́.

Ọ̀nà á tẹ́jú níwájú rẹ. Atẹ́gùn á máa tì ọ́ lẹ́yìn, kò ní dojú kọ ọ́. Bí ẹ ṣe pé lọ, bẹ́ẹ̀ lẹ ó pé dé.

Èmi ni bàbá rẹ. Má bẹ̀rù omi. Mo ti fi rúlà onígi mi dí ẹ̀gbẹ́ fóònù tí òkun wà.